Jíìnì Alárìnkiri nínú Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá

Láti ọdún 2019 ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti wà ní Ìdí-Àràbà, nítòsí Muṣin àti Sùúrùlérè. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìfun ńlá kò ṣàjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àgbàdo ni apá kan ìtàn àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Láàrin ọdún 1940 sí 1950, Barbara McClintock ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn jíìnì kan a máa ṣí kúrò ní àyè wọn, tí àwọ̀ hóró àgbàdo á sì yí padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí. Ọdún 1983 ni ẹ̀bùn Nobel tó kàn án.

Ara ènìyàn náà ní irú alárìnkiri bẹ́ẹ̀. L1, tí ó gba nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 DNA wa, a máa ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sí ibòmíràn. Ní ọdún 1992, Yoshio Miki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a nínú jẹjẹrẹ ìfun kan, níbi tí ó ti já wọ jíìnì APC, ìjánu tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ìfun pọ̀ kọjá ààlà.

Ìfun ta ni a ti ka ìtàn yìí? Ní ọdún 2021, Olúṣẹ́gun Alátiṣe ti Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ fi hàn pé, nínú ẹ̀yà àrùn náà tí ó wọ́pọ̀ jù, APC yí padà lára aláìsàn 39 nínú 100 ní Nàìjíríà. 76 ni ní Memorial Sloan Kettering, New York. Àyẹ̀wò jíìnì tí ó wọ́pọ̀ kì í sì í tètè rí L1, nítorí pé àìmọye ẹ̀dà rẹ̀ ló jọra. Ipa tí alárìnkiri ń kó nínú ìfun ará Muṣin, New York kọ́ ni a ó ti kà á.