Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Òjò, Ojú Irin àti Títì ní Ọ̀yọ́ òun Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọdún 1910, yìnyín tí ó ti kó jọ sí orí òkè ya lulẹ̀ ní Wellington, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó gbá ọkọ̀ ojú irin méjì sínú àfonífojì, ènìyàn 96 sì kú. Irú yìnyín bẹ́ẹ̀ kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Òjò ni ó ń dènà de arìnrìn-àjò níhìn-ín.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá, ó dé Ìlọrin ní 1908 àti Jẹ́bà ní 1909. Kò ya Ọ̀yọ́, kò ya Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, títì kan ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù ìlú méjèèjì: èyí tí ó ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà.

Òjò ti ṣe títì yìí ní jàǹbá ní ìhà méjèèjì. Ní gúúsù, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980. Ó wó ilé àti afárá, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Ní àríwá, àgbàrá gbé afárá Tatabu lọ láàárín Jẹ́bà àti Mókwà ní oṣù kẹfà, 2017. Ó ba ojú irin jẹ́ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ń kó màlúù àti àlùbọ́sà bọ̀ láti ilẹ̀ Haúsá kò rí ọ̀nà gbà. Ojú irin tí ì bá sì ran títì lọ́wọ́ ti bá omi kan náà lọ.

Ṣé òjò nìkan ni ẹlẹ́bi? Ní òpin oṣù karùn-ún, 2025, omíyalé pa ènìyàn tí ó lé ní 150 ní Mókwà. Àwọn ará ìlú ṣàlàyé pé ẹ̀yìn òkìtì ojú irin ni omi ti kó jọ kí ó tó ya lù wọ́n. Omi tí a kò la ọ̀nà fún yóò la ọ̀nà fún ara rẹ̀.

Ìlú tí ojú irin kò yà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ bọ́ nínú ewu rẹ̀. Ibi tí títì bá ti já, bí ó ti wù kí ó jìnnà tó, ibẹ̀ ni ọjà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti já. Nítorí náà, ẹni tí yóò la títì, kí ó kọ́kọ́ la ojú omi.