Ẹ̀wọ̀n ni àbí Ojúṣe? Bí Òfin Ọkọ̀ Ńlá Ṣe Lè Wọ Èdè Yorùbá

Ní ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà fọwọ́ sí àtúnṣe sí òfin tó de gbogbo ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá lè ju tọ́ọ̀nù 4.5 lọ. Òfin náà kì í ṣe ti Queensland nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù a sì gbà á wọlé, àyàfi Western Australia àti Northern Territory tí wọ́n ní tiwọn lọ́tọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2014 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àjọ NHVR tó fìdí kalẹ̀ sí Brisbane ló sì ń mójú tó o. Ká ní oníròyìn Yorùbá kan fẹ́ ṣàlàyé àtúnṣe yìí fún awakọ̀ tírélà tó dúró sinmi ní Ògèrè, ìlà kejì ni yóò ti kọsẹ̀.

Orúkọ ọkọ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró. Awakọ̀ ní "tírélà", ìwé ìròyìn ní "ọkọ̀ àjàgbé". Méjèèjì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n kéré sí ohun tí òfin ń sọ, torí bọ́ọ̀sì ńlá wà nínú rẹ̀, lọ́rì kékeré tó ń kó bíríkì náà sì wà níbẹ̀. "Ọkọ̀ ńlá" ló gba gbogbo wọn, bí kò tiẹ̀ ní ẹwà kankan.

Iṣẹ́ dé nígbà tó kan ìwé tí àjọ náà ń fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀. "Ìwé àṣẹ" ló máa ń yára wá sẹ́nu, ó sì ṣi èèyàn lọ́nà pátápátá. Ìwé àṣẹ ni ohun tí ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ dé ìdí iṣẹ́, bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan lè kó ẹrù káàkiri Ọsirélíà fún ogún ọdún láì gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ àǹfààní ló ń wá a lọ: kí ẹrù rẹ̀ lè wúwo díẹ̀ sí i, tàbí kí awakọ̀ rẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Lábẹ́ òfin gbogbogbòò, awakọ̀ tó dá wà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lọ láàárín wákàtí 24. Fún awakọ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá gba ìwé yìí, ó lè tó 14.

"Ìfọwọ́sí" náà ń bẹ, òun ni wọ́n sì sábà máa ń lò fún ẹ̀kọ́ yunifásítì tí ìjọba ti yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ti gbó jù. Gómìnà ń fọwọ́ sí owó, òbí ń fọwọ́ sí ìgbéyàwó, ọ̀gá báńkì ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó. "Òǹtẹ̀ ìfọkàntán" ló sún mọ́ ọn jù. Òǹtẹ̀ fi hàn pé aláṣẹ kan ló lù ú, ó sì lè gbà á padà. Ìfọkàntán sọ ìdí tó fi lù ú, pé wọ́n ti yẹ ẹni náà wò, wọ́n sì rí i pé a lè tú okùn fún un díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ yìí kan náà wá sílé fún ètò tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 2007. Ti Nàìjíríà, dandan ni fún ilé iṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ márùn-ún sókè. Kò sí ìfọkàntán nínú dandan.

Kí àtúnṣe tó dé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba òǹtẹ̀ náà: ti ìwọ̀n ẹrù, ti ìtọ́jú ọkọ̀, ti àárẹ̀ awakọ̀. Lábẹ́ àtúnṣe náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ilé iṣẹ́ òun ní ìlànà tó kún fún wíwá ewu rí àti dídí i lọ́nà. Ibí yìí ni "ètò ààbò" ti ń bá nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìwé ìròyìn ti fi ètò ààbò fún ọlọ́pàá, ológun àti àwọn ajínigbé. Láti 2020 tí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ti dé, ọ̀rọ̀ náà ti wọ aṣọ tirẹ̀. Ẹni tó bá kà pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ètò ààbò yóò rò pé kí wọ́n gba ọdẹ sí ẹnu géètì ni. "Ìlànà ìdènà ewu" kò ní ìṣòro yẹn.

Èyí tó dùn jù ni àárẹ̀. Bí a bá kọ "ìdarí àárẹ̀" láì fi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ti ń ṣe, ìṣàkóso Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni yóò di. Ẹ̀rín nìyẹn. "Ìkápá àárẹ̀" ló léwu. Ní gáréèjì, ẹni tó kápá àárẹ̀ ni ẹni tó jẹ gbànja, tó gbé paraga mì, tó sì wakọ̀ di Kánò láì di ojú. Òfin Ọsirélíà ń bẹ̀rù ọkùnrin yẹn gan-an. Kò ní kí awakọ̀ ṣẹ́gun oorun. Ó ní kó páàkì, kó sùn fún wákàtí méje gbáko ó kéré tán. Nítorí náà, oògùn ló yẹ kí a fi pe àìsàn náà: "ètò ìsinmi awakọ̀".

Síbẹ̀, àárẹ̀ ní ohun kan tí òfin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, rírẹ̀ nìkan ni òfin kọ̀ fún awakọ̀, àwọn ọkọ̀ tó ju tọ́ọ̀nù 12 lọ ló sì kàn jù. Àtúnṣe sọ pé ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò bá yá kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ ńlá kankan, ì báà ṣe àìsàn ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà "àárẹ̀" kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ rí. Ẹni tí àárẹ̀ mú lè jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ mú kó rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀.

"Ìyẹ̀wéwò", fún àyẹ̀wò bóyá ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, kò le. Kí a ṣáà yọ ìtumọ̀ ìṣirò owó kúrò nínú rẹ̀. Ní ti ibi tí a ti lè wá irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìwé Èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì bójú tó ní 1990, kò lè gbani níbí, torí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ tiwọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ọsirélíà fi ń sọ pé ẹ̀bi kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Wọ́n fi ojúṣe wé irin tí a so kọ́ra. Bí a bá tú u ní tààrà, "ẹ̀wọ̀n ojúṣe" ló máa jẹ́, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ẹ̀wọ̀n tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kìrìkìrì kò ní wá sí i lọ́kàn. Lóòótọ́, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ẹni tó bá fi ẹ̀mí èèyàn wewu láìbìkítà lábẹ́ òfin yìí lè fi ọdún márùn-ún jura, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. "Àjọgbé ẹrù iṣẹ́" dára jù, torí Yorùbá ti pe ojúṣe ní ẹrù kó tó di pé tírélà dé.

Àwọn tó jọ ń gbé e ni wọ́n nílò orúkọ: agbanisíṣẹ́, ẹni tó ń ṣètò ìrìn ọkọ̀, ẹni tó di ẹrù, lódà tó kó o sọ́kọ̀, ẹni tó fi ránṣẹ́. Fún ẹni tí ẹrù ń lọ bá, atúmọ̀ èdè lè kọ "olùgbẹrù" kó sì kọjá. "Ẹni tó ń retí ẹrù" ló tọ́. Òun ni oníṣòwò tó ń pe awakọ̀ lórí fóònù lóru pé ọjà òun gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé ọ̀nà náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ti ka ìpè yẹn mọ́ ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́.