Ìlọrin Láàrin Kàdúná àti Ìbàdàn: Bí Tẹlifíṣàn Ṣe Dé Ìlú Àfọ̀njá

Bí a bá ń pìtàn tẹlifíṣàn nílẹ̀ wa, Ìbàdàn ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń bà. Ṣùgbọ́n Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú Álímì, ìlú ẹlẹ́ṣin, níbi tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Núpé àti Bàrùbá ti jọ ń gbé, ni a ti lè rí i kedere pé ìjà lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ ló bí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn.

Ní 1953, lẹ́yìn tí Anthony Enahoro gbé àbá òmìnira lọ síwájú ilé aṣòfin l'Ékòó, tí ọ̀rọ̀ sì dìjà títí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group fi bínú jáde, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó dá wọn lẹ́bi. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fèsì níbẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Àgbà òṣìkà ní ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ 1954 gba àwọn ìjọba ẹkùn láyè láti dá ilé-iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn kò fi falẹ̀: ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, WNTV, tẹlifíṣàn ìjọba ẹkùn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, Àníkẹ́ Agbájé-Williams sì ni ojú àkọ́kọ́ tí ayé rí lórí rẹ̀. Lábẹ́ iná tó ń mú ooru bíi ti ọ̀sán gangan, olùkà ìròyìn kò ní ààyè àtúnṣe. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, ó ti bọ́ náà nìyẹn.

Ìlọrin ní tirẹ̀ wà lábẹ́ Àríwá. Ẹgbẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ bá Action Group ṣe pọ̀, ẹjọ́ pé kí ààlà yí padà kí Ìlọrin lè bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn dé iwájú Ìgbìmọ̀ Willink, síbẹ̀ ààlà kò yẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí tẹlifíṣàn Àríwá dé sí Kàdúná ní 1962, Kàdúná ni ohùn ìjọba àwọn ará Ìlọrin ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn ni àwọn eléré bíi Dúró Ládiípọ̀ àti Moses Ọláìyá ti ń fi Yorùbá, èdè tí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin ń sọ nílé, ṣeré.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1967, a dá ìpínlẹ̀ tó wá ń jẹ́ Kwara sílẹ̀, Ìlọrin di olú-ìlú, Ọ̀gágun David Bámigbóyè di gómìnà. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ náà tó ní tẹlifíṣàn tirẹ̀, ìjọba ológun ti fi Òfin 24 ti 1977 kó gbogbo tẹlifíṣàn sábẹ́ NTA, àjọ ìjọba àpapọ̀. Abẹ́ NTA yìí ni Ìlọrin ti ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Wọ́n gbé odó fún un, ọmọ odó wà l'Ékòó. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 ló tún ṣí ọ̀nà fún àwọn ìpínlẹ̀ láti ní tiwọn, Kwara náà sì gba ọ̀nà yìí nígbẹ̀yìn.

Láàrin àkókò yìí, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà gan-an ń yí padà: Ìgálà kúrò ní Kwara ní 1976, Ìgbìrà àti Yorùbá Òkun bá Kogi lọ ní 1991, apá kan Bórgú lọ sí Niger. Ohun tí kò kúrò ni orin dàdàkúàdà irú èyí tí Odòlayé Àrẹ̀mú fi gbajúmọ̀, àti wákà àwọn obìnrin, tí aráàlú kì í dúró de àṣẹ gómìnà kan kí wọ́n tó kọ. Bí ìpínlẹ̀ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé, ó ku kí alátakò gómìnà náà lè wọlé síbẹ̀ lọ fèsì. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ọ̀gá lásán ni a pààrọ̀.