Ọjọ́ Àyẹ̀wò Ojú

Ọjọ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Ìyá oníṣòwò kan ní Ungwan Boro, ní Kaduna, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n gba ihò imú yọ kókó pituitary fún un. Hermann Schloffer ló kọ́kọ́ la ọ̀nà iṣẹ́ abẹ yìí ní Innsbruck, ní 1907.

Aago 6 àárọ̀. Bó ṣe jí ló lo hydrocortisone. Pituitary kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, àmọ́ òun ló ń darí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ nínú ara. Títí yóò fi gbádùn, oògùn ló ń dí àlàfo rẹ̀. Ìyá kò gbọdọ̀ pa á jẹ.

Aago 7. Òun àti ọmọ rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP gba Sabon Tasha. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ọ̀kánkán nìkan ló ń rí. Ọkọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó mọ̀. Òkè pituitary ni iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Bí kókó bá ń wú láti ìsàlẹ̀, àwọn fọ́nrán tó ń gbé àwòrán ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ló kọ́kọ́ ń tẹ̀.

Aago 9, National Eye Centre. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n bo ojú kan. Iná kéékèèké ń tàn kiri, ó ń tẹ bọ́tìnnì fún èyí tó bá rí.

“Ẹ má wò kiri o, Màmá. Àárín ni kí ẹ tẹjú mọ́.”

Aago 11. Dókítà fi èsì òní wé ti ìṣáájú: ibi dúdú ẹ̀gbẹ́ ti dínkù, kò tíì tán. Ó yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú wò. Ìrètí pọ̀ fún iṣan tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dára ju èyí tó ti funfun, tó sì ti tín-ín-rín.

“Dókítà, ìgbà wo ni màá ríran bíi ti tẹ́lẹ̀?”

Ojú àwọn mìíràn ń là láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti àwọn kan ń gba oṣù púpọ̀, àní ọdún 2 tàbí 3. Ti ẹlòmíràn kì í padà tán.

Aago 3 ọ̀sán. Wọ́n délé. Ọmọ tún ka ìkìlọ̀: omi tó ń ṣàn láti imú, ẹ̀fọ́rí ńlá pẹ̀lú ibà, tàbí ojú tó ṣàdédé ṣókùnkùn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹni yín bá ń fèjìká gbá ilẹ̀kùn, tó ti pààrọ̀ gíláàsì títí tí kò yanjú, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ wò. Bí a bá ṣe tètè gba iṣan náà sílẹ̀ tó ni ìrètí ojú ṣe máa ń pọ̀ tó.