Ìmọ̀ Méjì Lábẹ́ Oyè Kan: Àpẹẹrẹ Keele

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì a pòfo. Irú èrò yìí ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dì mú fún ìgbà pípẹ́: ẹni tí ó bá fẹ́ oyè ọ́nọ́ọ̀sì ní láti jókòó ti ìmọ̀ kan ṣoṣo. Oyè jẹ́nẹ́rà ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gba ju ìmọ̀ kan lọ láàyè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ́nọ́ọ̀sì ni wọ́n tò ó sí. Ètò yìí náà ni ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1948, nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. Chinua Achebe kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn pọ̀ níbẹ̀. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbà ní ọdún 1953.

Ní ọdún 1949 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn sílẹ̀ ní Keele, ní àríwá Staffordshire, àgbègbè àwọn amọ̀kòkò àti awakùsà èédú. A. D. Lindsay, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tí ó ti ṣe olórí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Balliol ní Oxford, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Ohun tí ó ń kọ ọ́ lóminú ni pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti onímọ̀ lítíréṣọ̀ kò gbọ́ èdè ara wọn mọ́. Nítorí náà, ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ Keele. Ní ọdún kìíní, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ a jọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Lẹ́yìn èyí, oníkálukú a mú ìmọ̀ méjì tí ó dọ́gba ní ipò ọ́nọ́ọ̀sì. Ẹni tí méjèèjì rẹ̀ kò bá sì kan sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ kún un.

Kí ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe? Wọ́n fún Keele ní àṣẹ láti fi oyè àkọ́kọ́ tirẹ̀ fúnni, Oxford, Manchester àti Birmingham sì ń ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Ìbàdàn kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1962 tí ó di yunifásítì. Ọdún náà gan-an ni Keele pẹ̀lú di yunifásítì.

Ètò náà ní ìnira tirẹ̀: ọdún kan lé sí i, ẹ̀ka méjì sì ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Lindsay kú ní ọdún 1952, kí àwọn tí ó wọlé ní ọdún 1950 tó gboyè. Síbẹ̀, ìtàn Keele fi hàn pé kì í ṣe eku méjì ni ó ń sọ ọdẹ di olófo. Ẹni tí àṣẹ oyè wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí ìmọ̀ méjì yóò jẹ́: àbùkù tàbí iyì.