Ọ̀pá Gáàsì tí Ìdákọ̀ró Fà Ya

Láti ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kẹta 2020, tí iná bú gbàù ní Abúlé Adó, tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí ó sì ba ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin jẹ́, bí mo bá ti dárúkọ gáàsì ní kíláàsì, ojú àwọn ọmọ a yí padà. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn wà tí kì í pariwo: kí gáàsì má dé rárá.

Ó yé ẹ̀yin ìyá. Bí gáàsì bá tán lọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á ládùúgbò, èédú ló kù. Odindi orílẹ̀-èdè náà ń bọ́ sí irú rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2009, Rọ́ṣíà àti Ukraine ń jà lórí owó gáàsì. Bulgaria, tí kò sí nínú ìjà, ni òtútù mú.

Àwọn aládùúgbò wa ti tọ́ ọ wò. Ní 2003, Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti ri ọ̀pá gáàsì kan. Láti Ìtòkí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó gba abẹ́ ilẹ̀ dé etí òkun Badagry, ó wọ inú òkun, ó kọjá Kútọnu, Lomé àti Tema dé Takoradi: 678 kìlómítà. Àwọn ẹ̀rọ tí ń ṣe iná mànàmáná ni gáàsì inú rẹ̀ wà fún. (Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi nínú òkùnkùn, ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Ní oṣù Kẹjọ 2012, àwọn ajalèlókun wọ ọkọ̀ epo kan nítòsí Lomé. A gbọ́ pé bí wọ́n ti ń sá fún àwọn ológun ojú omi, ìdákọ̀ró ọkọ̀ náà fa ọ̀pá náà ya. Oṣù Keje 2013 ni gáàsì tó tún ṣàn dé Gánà. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, iye tí Nàìjíríà ṣèlérí kì í sábà pé. Gánà ń ra epo tí ó wọ́n ju gáàsì lọ, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Àwọn ènìyàn sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Twi, dumsor, bí ẹni wí pé pa-á-tàn-án. Nígbà tí ó yá, gbèsè dé: Gánà jẹ owó gáàsì, àwọn tí ń tà á sì dín in kù.

Gánà kò jókòó. Ní 2014, gáàsì láti inú òkun tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba Atuabo wọlé. Láti 2019, wọ́n ń fi ọ̀pá kan náà gbé gáàsì tiwọn láti Takoradi padà sí Tema, ó ń ṣàn sí apá ibi tí tiwa ti ń bọ̀.