Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Pẹpẹ Ìwé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọmọdé tó ń kọ́ òǹkà gbà pé èje ló tẹ̀ lé ẹ̀fà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àgbà mọ̀ pé ibi tí ojú ọmọ tó ló dúró sí.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí òwe yìí, kó wọ ilé ìkówèésí tí J. Pierpont Morgan, bàbá olówó onílé-báńkì, kọ́ fún ara rẹ̀ ní New York. Charles McKim ló ya àwòrán ilé náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1902, wọ́n parí ní 1906. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ilé ìjòyè Ítálì ayé ayàwòrán Raphael ni. Wọ́n gé òkúta mábù rẹ̀ ṣe rẹ́gí débi pé wọn kò fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́.

Nínú yàrá ìlà-oòrùn, ògiri ga ní 30 ẹsẹ̀ bàtà. Pẹpẹ ìwé alájà mẹ́ta, onídẹ àti igi walnut, gba ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dókè. H. Siddons Mowbray ló kun àjà bí àwọn ayàwòrán Róòmù ti ń ṣe ní irinwó ọdún ṣáájú rẹ̀. Sórí ibi ìdáná ni wọ́n sì ta aṣọ híhun kan láti Brussels: ìṣẹ́gun Ọ̀kánjúwà ni wọ́n hun sí i, nínú ilé olówó!

Àlejò á wá àtẹ̀gùn tó lọ sí àjà òkè pẹpẹ náà tì. Pẹpẹ tó wà ní igun yàrá ló fi í pa mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣí i bí ilẹ̀kùn.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ní àṣírí tirẹ̀. Láti 1905 ni Belle da Costa Greene ti ń bójú tó ìwé Morgan; nígbà tí ilé náà di ti gbogbo ayé ní 1924, òun ni olùdarí. Ó ní ìran Potogí lòun. Àmọ́ Richard Greener, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Harvard, ló bí i. Amẹ́ríkà ìgbà náà kì í fi irú ipò bẹ́ẹ̀ lé ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́.

Òwe wa kò sọ pé ibi ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà. Ó ní ó pọ̀ ju èje lọ ni. Ní 2024, ilé kan náà pàtẹ ìtàn ayé Greene fún aráyé wò. Pẹpẹ ṣí, àtẹ̀gùn hàn.